Ẹ̀dà vdisk nínú storage kan ṣoṣo: snapshot ni kí n ṣe ni, àbí clone?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹ má bínú bó bá gùn díẹ̀.

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó storage wa ti fẹ̀yìn tì lóṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n sì ní kí èmi tí mo ń bójú tó Linux ṣì máa mójú tó o títí wọ́n á fi gba ẹlòmíràn. EVA 4400 àtijọ́ kan, storage HP, ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́, disk group (àkójọ dísíkì) kan péré, dísíkì mẹ́rìnlélógún. Ààyè tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ò ju 1.3 TB lọ. Dátábéèsì Oracle wa wà lórí vdisk (dísíkì tí storage gé fún sáfà) méjì: 600 GB fún data, VRaid5 ni, 80 GB fún log (àkọsílẹ̀ gbogbo ìyípadà), VRaid1 nìyẹn; VRaid ni ọ̀nà tí EVA ń gbà dáàbò bo data bí dísíkì bá kú.

Wọ́n fẹ́ gbé app wa tuntun wọlé lálẹ́ Sátidé. Àwọn developer ń fẹ́ ẹ̀dà dátábéèsì kí wọ́n fi dán iṣẹ́ wò láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Èmi náà ń fẹ́ ohun tí mo lè fi padà sẹ́yìn bí nǹkan bá dàrú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gá mi wá fi ẹ̀kẹta kún un: ó ní nígbà tí storage ti mọ bó ṣe ń da ara rẹ̀ kọ, ká yé ra téèpù mọ́.

Mo ṣí Command View, ètò tí a fi ń bójú tó EVA. Mo rí snapshot, mo rí snapclone, mo tún rí mirrorclone. Ojú mi ṣú. Èwo ni kí n tẹ̀?

BàbáSAN · Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ọmọ Mọ́kọ́lá, o kú oyè tuntun o. Oyè storage, wọn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni kí wọ́n tó fi í jẹ.

Má tíì tẹ nǹkan kan. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra, ìwà wọn ò jọra rárá.

O ṣáà ti rí ìwé alájọ rí. Ká ní ẹnì kan sọ fún alájọ pé òun fẹ́ mọ bí ìwé ṣe rí ní aago méjìlá ọ̀sán òní, nígbàkígbà tó bá padà wá béèrè. Alájọ tó gbọ́n ò ní jókòó máa da gbogbo ìwé kọ. Láti aago méjìlá lọ, kó tó pa iye kan rẹ́ láti kọ tuntun sí i, á kọ́kọ́ da iye àtijọ́ sínú ìwé pélébé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá wá béèrè, ìwé pélébé ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Ibi tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, iye inú ìwé ńlá ò tíì yí padà nìyẹn, wọ́n á kà á láti ibẹ̀. Snapshot EVA gan-an nìyẹn. Òun ló jẹ́ kó máa parí kí o tó ṣẹ́jú, torí kò tíì da ohunkóhun kọ. Ṣùgbọ́n bí ìwé ńlá bá jóná, ìwé pélébé di ìwé tí kò wúlò mọ́.

Ó tún níyà tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí sáfà bá fẹ́ kọ nǹkan sí ibì kan lẹ́yìn snapshot, storage á ka ti àtijọ́, á kọ ọ́ sí ọ̀dọ̀ snapshot, kó tó wá kọ tuntun. Iṣẹ́ mẹ́ta dípò ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni fún ibi kọ̀ọ̀kan, torí náà wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń wúwo jù. Storage NetApp kì í ṣe é báyìí: ti àtijọ́ dúró síbi tó wà, tuntun ni wọ́n ń kọ síbòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé snapshot kì í mú nǹkan falẹ̀, bi í léèrè pé storage ta ni.

Irú méjì ló wà lórí EVA. Èyí tí wọ́n ń pè ní standard á gba ààyè tó tó gbogbo vdisk ojúlówó látìbẹ̀rẹ̀, yálà ó lò ó tàbí kò lò ó. Demand-allocated á máa bù ú díẹ̀díẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ń yí padà. Èyí kejì ò wọ́n, àmọ́ bí disk group bá kún, snapshot náà kú nìyẹn, kò sì ní dágbére fún ọ. Inú disk group kan náà pẹ̀lú ojúlówó sì ni snapshot gbọ́dọ̀ wà, kò sí ọ̀nà míì.

Snapclone ni ẹ̀dà pátápátá. Bíi snapshot ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, o lè lò ó lójú ẹsẹ̀, storage á sì máa dà á kọ lábẹ́lẹ̀ títí á fi parí. Kó tó parí, ó ṣì ń gbára lé ojúlówó, o ò lè pa ojúlówó rẹ́. Tó bá ti parí, ó ti di ọmọ tó kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ó lè wà ní disk group mìíràn.

Mirrorclone, ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà kan náà lójoojúmọ́ ló wà fún. Ohun tí wọ́n bá kọ sí ojúlówó ló ń wọ inú rẹ̀ títí o fi máa já wọn kúrò lára ara wọn. Tí o bá tún so wọ́n pọ̀, kìkì ohun tó yí padà ló máa dà kọ. Kò kan ìwọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ìṣirò rẹ rèé. VRaid5 lórí EVA, data mẹ́rin sí parity (ohun tí a fi ń tún data ṣe bí dísíkì bá kú) kan ni, torí náà 600 GB á jẹ 750 GB lórí dísíkì. VRaid1 ìlọ́po méjì ni, 80 á jẹ 160. Àpapọ̀ 910 GB fún snapclone méjèèjì. Nínú 1.3 TB, o ṣẹ́ ku nǹkan bí 390 GB fún snapshot alẹ́ Sátidé. Tí data yín bá ń yí padà ní 40 GB lóòjọ́, ó ń jẹ 50 nìyẹn. Ó tó fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Kò tó fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ téèpù tí ọ̀gá rẹ sọ, ẹ jẹ́ n jẹun ná.

Ẹyẹ_Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀

"Ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta" tí Bàbá dárúkọ yẹn, èmi ni wọ́n ń bá wí, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Níbi iṣẹ́ mi àtijọ́, mo ṣe snapshot demand-allocated ní ọjọ́ Ẹtì kan kí n tó fi patch sí sáfà. Patch wọlé wẹ́rẹ́, mo gba òde ìgbéyàwó lọ. Mo gbàgbé snapshot. Ní ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí láago méjì òru pé vdisk owó oṣù ti kún, kí n fi 100 GB kún un. Command View ní kò sí ààyè. Báwo ni kò ṣe ní sí ààyè? Mo wá ibi tí ààyè gbà lọ fún wákàtí méjì gbáko. Mo fẹ̀sùn kan àwọn oní-email, mo fẹ̀sùn kan àwọn oní-kámẹ́rà, mo tiẹ̀ bú ẹni tó ta dísíkì fún wa. Ìgbà tí mo wá to àwọn vdisk bí wọ́n ṣe tóbi sí ni mo rí i: SNAP1, ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀: èmi.

Látìgbà yẹn, ọjọ́ tí snapshot máa kú ló wà nínú orúkọ rẹ̀. SNAP_PATCH_PA_0603. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, kó pa á láìbéèrè. Kí o sì sọ occupancy alarm disk group náà kalẹ̀ kó lè ké sí ọ kó tó kún.

Ohun kan péré sí i: wo bátìrì cache (ibi tí ohun tí wọ́n ń kọ ti ń dúró kó tó dé orí dísíkì) kí o tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí iná ti ń ṣe tèmi-ò-gbọ́ yìí, bátìrì máa ń gbó kíákíá, tó bá sì ti kú, kíkọ nǹkan á falẹ̀ torí storage ò ní gbẹ́kẹ̀ lé cache mọ́. O ò ní fẹ́ fi ẹrù snapclone lé e lórí nírú ipò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 11:30 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, Bàbá. Ìwé alájọ yẹn ló là mí lójú. Bátìrì dára, mo ti wò ó.

Ìbéèrè tó kù: ṣé mo gbọ́dọ̀ pa dátábéèsì kí n tó ṣe snapclone? Vdisk méjì ni wọ́n, tí mo bá ṣe ti data tán kí n tó ṣe ti log, ṣé wọn ò ní ta kora wọn? Àti pé, ṣé àwọn developer ò ní dí wa lọ́wọ́?

ÌyáDátábéèsì · Ọjọ́ Ajé, 12:10 ọ̀sán

Àbúrò, má pa á. Ṣé dátábéèsì yín wà ní archivelog mode, tí Oracle ń pa log àtijọ́ mọ́? Tó bá wà níbẹ̀, báyìí ni èmi ṣe máa ń ṣe é:

ALTER DATABASE BEGIN BACKUP;

Lẹ́yìn náà, snapclone vdisk data. Kò pẹ́, bíi Bàbá ṣe wí. Lẹ́yìn náà:

ALTER DATABASE END BACKUP;
ALTER SYSTEM ARCHIVE LOG CURRENT;

Ìgbà yìí ni kí o wá ṣe snapclone vdisk log. Data ló ń ṣáájú, log ló ń tẹ̀ lé e, má yí i po. Ìdí ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín BEGIN àti END, inú log ló wà; tí ẹ̀dà log bá ti wáyé kí ìyẹn tó parí, ẹ̀dà data á máa bèèrè ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Má sì fi dátábéèsì sílẹ̀ nínú backup mode kí o lọ jẹ àmàlà. Lásìkò yẹn, odindi block (ègé data) ló ń wọ inú redo, ìyẹn log, nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, log á máa wú bí fùfú.

Ohun tí ìwọ bẹ̀rù, pé kí méjèèjì má wáyé lásìkò kan náà, ẹ̀rù tó yẹ ni. Ẹ̀dà tí a ṣe láìsọ fún dátábéèsì dà bí ẹ̀rọ tí wọ́n fa wáyà rẹ̀ yọ lójijì: ó lè gbéra padà, ṣùgbọ́n tí data àti log bá wá láti ìṣẹ́jú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè máà gbéra rárá. Àwọn storage kan lè ya vdisk púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kódà níbi tí ìyẹn wà, èmi ṣì ń sọ fún dátábéèsì.

Ní ti àwọn developer, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan. A gbé ẹ̀dà dátábéèsì kan sórí sáfà ìdánwò. Ohun gbogbo lọ dáadáa. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè: kí ló dé tí ẹ fi ránṣẹ́ ìránnilétí gbèsè sí wa lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ̀dà náà ní gbogbo job (iṣẹ́ tó ń ṣe ara rẹ̀ lásìkò) tí ojúlówó ní. Ó jí, ó rí i pé aago mẹ́fà ti lù, ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ọmọ gidi. Ìtìjú ọjọ́ náà ò tíì tán lójú mi.

Torí náà, kí ẹ̀dà tó ṣí, fi job_queue_processes sí 0 kí job kankan má ṣiṣẹ́. Fi nid, irinṣẹ́ Oracle, yí DBID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) àti orúkọ rẹ̀ padà. Wo àwọn database link tó so ó mọ́ dátábéèsì míì, kí o gé wọn. Kí o sì pa orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti BVN àwọn ènìyàn dà kí o tó fà á lé developer lọ́wọ́. Òfin ààbò ìwífún ti 2023 wà ní Nàìjíríà báyìí, data ènìyàn tó wà lórí sáfà ìdánwò ṣì jẹ́ data ènìyàn.

Kútọnu_Linux · Ọjọ́ Ajé, 2:45 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Kútọnu ni mo ti ń kí yín.

Ẹ̀gbọ́n Dátábéèsì ti sọ ti òkè, ẹ jẹ́ n sọ ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀dà jọ ojúlówó dé orí UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Tí o bá gbé e fún sáfà kan náà tó ń lo ojúlówó, Linux á rí ìbejì, kò sì ní mọ èwo ni Táíwò. LVM, tó ń pín ààyè dísíkì lórí Linux, á máa pariwo duplicate PV, pé dísíkì méjì ń jẹ́ orúkọ kan. Má ṣe é. Sáfà ìdánwò ni kí o gbé e fún, sáfà ìdánwò nìkan.

Tó bá jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ ṣe é, vgimportclone ló ń tún orúkọ LVM ẹ̀dà sọ:

vgimportclone --basevgname vg_idanwo /dev/mapper/mpathk

Tó bá jẹ́ XFS ni irú filesystem rẹ̀, mount á kọ̀ fún ọ torí UUID ti wà lójú iṣẹ́. Fi -o nouuid mount ẹ̀ẹ̀kan kí log rẹ̀ lè mọ́, umount, kí o wá fi xfs_admin -U generate fún un ní UUID tuntun.

Fún àwọn tó ń ka èyí tí VMware ni tiwọn: datastore (ibi tí VMware ń kó fáìlì sí) tó jẹ́ ẹ̀dà kì í hàn fúnra rẹ̀. esxcli storage vmfs snapshot list ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà resignature, ìyẹn ni fífún un ní signature (àmì ìdánimọ̀) tuntun. Windows náà á fi dísíkì ẹ̀dà sí offline torí signature kan náà. Ẹ má bínú sí wọn, ààbò ni wọ́n ń ṣe fún yín.

BàbáSAN · Ọjọ́ Ajé, 4:02 ọ̀sán

Mo ti jẹun.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ téèpù: ohun kan wà tí o béèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn developer á dí yín lọ́wọ́. EVA ń fọ́n vdisk kọ̀ọ̀kan ká orí gbogbo dísíkì tó wà nínú disk group. Disk group kan ṣoṣo lo ní. Ìyẹn ni pé snapclone tó ti kúrò nílé bàbá rẹ̀ yẹn, inú àgbàlá kan náà ló kọ́lé sí, kànga kan náà ni wọ́n ń pọn. Developer tó bá sáré ìbéèrè tó ń ka gbogbo tábìlì ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kàǹtà yín á mọ̀ ọ́n. Sọ fún wọn pé ìdánwò tó wúwo di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Disk group kejì ni ìwòsàn gidi, dísíkì mẹ́jọ ló kéré jù fún un, FATA (irú dísíkì tó falẹ̀ díẹ̀) ńláńlá sì dáa tó fún ìdánwò. Ṣùgbọ́n HP ti ra 3PAR láti 2010, EVA ò sí lórí àtẹ mọ́, tòkunbọ̀ lo máa rí.

Àlàyé kan sí ti Ìyá Dátábéèsì: kí o tó BEGIN BACKUP, ṣẹ̀dá container sílẹ̀ fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, tó tóbi tó ojúlówó, VRaid kan náà. Container jẹ́ ààyè tí a ti pín sílẹ̀ láìsí nǹkan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà yí cache vdisk ojúlówó sí write-through (kíkọ tààrà sórí dísíkì) kí ohun tó wà nínú cache bọ́ sórí dísíkì. Ìgbà náà ni kí o wá ṣe snapclone sínú container. Á wáyé lójú ẹsẹ̀, dátábéèsì ò ní pẹ́ nínú backup mode. Kí o rántí dá cache padà sí write-back. Ẹni tó bá gbàgbé èyí ló máa ń wá síbí ní ọjọ́ Ajé láti béèrè ìdí tí storage rẹ̀ fi ń rìn bí ìgbín.

Ọ̀ṣọ́_Agége · Ọjọ́ Ajé, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn ẹ̀ ń dẹ́rù ba ọmọ yìí. Ọdún mẹ́rin ni a ti ń lo snapshot nìkan, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, a ò ra téèpù kan. Olúwarẹ̀ pa fáìlì rẹ́, a dá a padà ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Téèpù ta ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá rẹ mọ ohun tó ń sọ.

BàbáSAN · Ọjọ́ Ajé, 5:41 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀ṣọ́, fáìlì tí ẹnì kan ṣèèṣì pa rẹ́, snapshot dára ju téèpù lọ fún un, mi ò bá ọ jiyàn. Ìbéèrè mi ni: orí dísíkì wo ni snapshot yín wà?

Ọ̀ṣọ́_Agége · Ọjọ́ Ajé, 5:44 ìrọ̀lẹ́

Orí storage kan náà kẹ̀.

BàbáSAN · Ọjọ́ Ajé, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa. Ká ní omi já láti òkè àjà sórí rack. Ká ní dísíkì méjì tí kò yẹ kó kú pọ̀ kú pọ̀. Ká ní olè ayélujára rí password admin, tó fẹ́ gba owó ìdáǹdè lọ́wọ́ yín: ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé á pa gbogbo snapshot rẹ́ kó tó ti data pa, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ máa sá sí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mélòó ni snapshot yín máa yè bọ́ níbẹ̀?

Snapclone náà ò sàn jù. Kò gbára lé vdisk ojúlówó, ṣùgbọ́n ó gbára lé kọ́ńtrólà, iná àti yàrá kan náà. EVA tí kò sí lórí àtẹ mọ́ ni Ọmọ Mọ́kọ́lá ń lò, ẹ fi ìyẹn kún un.

Tí ọ̀gá rẹ ò bá fẹ́ téèpù, kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà kan kúrò nínú ilé náà. Bóyá ó máa béèrè replication, kí storage máa da data kọ sí storage míì, lọ sí Èkó. Sọ fún un pé irú méjì ni. Synchronous: sáfà ò ní gbọ́ pé "ó ti wọlé" títí storage ti òdìkejì náà fi kọ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ inú fiber ń rìn nǹkan bí 200,000 km ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà 100 km ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì kan. Ìbàdàn sí Èkó, nǹkan bí 130 km lójú títì, ó ṣeé gbà tí fiber bá dára. Ìbàdàn sí Maiduguri, má dán an wò: gbogbo COMMIT, ìgbà tí dátábéèsì bá fi iṣẹ́ pamọ́, ló máa san owó ọ̀nà yẹn. Asynchronous ò ní dúró de òdìkejì, àmọ́ ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ á gba ìṣẹ́jú díẹ̀ data lọ́wọ́ yín.

Kó tó dé ibẹ̀, ẹ ṣírò ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Lórí 100 Mbps, 600 GB á gba ju wákàtí mẹ́tàlá lọ, tí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó fún nǹkan míì. Ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́. Ìyípadà 40 GB ojoojúmọ́ ò tó wákàtí kan. Àwọn tó gbọ́n máa ń gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ sínú ọkọ̀.

Replication sì ń da àṣìṣe kọ pẹ̀lú o. DROP TABLE, àṣẹ tó ń pa tábìlì rẹ́, tí ẹ tẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ti dé Èkó kí ẹ tó sọ "yéè".

Ọ̀ṣọ́_Agége · Ọjọ́ Ajé, 6:25 ìrọ̀lẹ́

Ti olè ayélujára yẹn ni mi ò rò. Bàbá, mo gbà. Ọ̀la ni n ó bá àwọn tèmi sọ̀rọ̀.

Òṣùmàrè7 · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 òru

Iṣẹ́ òru ni mo wà, Manchester níbí. Mo ka gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn ti sọ̀rọ̀ dé ibi tó yẹ, ó ku ẹyọ kan tó ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹni tó ń da kọ, àti ẹni tí wọ́n ń dà kọ.

Storage Hitachi ni mo ń lò nígbà kan, ShadowImage ni ohun tó ń ṣe ẹ̀dà nínú rẹ̀. P-VOL ni ojúlówó, S-VOL ni ẹ̀dà. pairsplit á já wọn, pairresync á so wọ́n padà, ohun tó yí padà lára P-VOL á lọ bá S-VOL. Tí o bá fi -restore kún un, ó yí ojú padà: S-VOL á lọ bo P-VOL mọ́lẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí, mo ti jí fún wákàtí mọ́kàndínlógún, mo fẹ́ sọ ẹ̀dà dọ̀tun. Mo gbé àṣẹ tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹnì kan, mo lẹ̀ ẹ́, mo tẹ Enter. Ìlà náà ní -restore nínú. Ẹ̀dà ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlówó.

Kì í tiẹ̀ sọ pé "ṣé o dá ọ lójú?". Ìka mi tutù. A dá a padà láti backup àti archive log, ó gbà wá títí di aago méjì ọ̀sán. Wọn ò lé mi, n ò mọ ìdí.

Lálẹ́ Sátidé, Ọmọ Mọ́kọ́lá, tí o bá máa dá nǹkan padà, má dá a ṣe. Pe ẹnì kan sórí fóònù. Ka orúkọ vdisk tó máa sọnù sókè, kí onítọ̀hún tún un kà fún ọ. Kí orúkọ ẹ̀dà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EDA_ kí ojú tó ti rẹ̀ lè dá a mọ̀. Kí o sì kọ àṣẹ rẹ fúnra rẹ, má lẹ ti ẹnikẹ́ni, títí kan tèmi yìí.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àìkú, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀yin àgbà. Mo wá jábọ̀.

Ọjọ́rú ni mo ṣe snapclone, lálẹ́, pẹ̀lú container bí Bàbá ṣe wí. Dátábéèsì ò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ nínú backup mode. Dídà á kọ lábẹ́lẹ̀ gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Mo ń wò ó láti ilé bí ẹni ń wo ìrẹsì lórí iná. Ọjọ́bọ̀, àwọn developer sáré ìgbéwọlé wọn lórí ẹ̀dà, ó kú ní ìdajì: tábìlì kan wà tó ní column méjì tí orúkọ wọn jọra, tí kò sí lórí sáfà kékeré tí wọ́n ti ń dán an wò látẹ̀yìnwá. Tí kì í bá ṣe ẹ̀dà yẹn, alẹ́ Sátidé ni a ò bá rí i.

Lálẹ́ àná, mo ṣe snapshot àwọn vdisk méjèèjì ní aago mẹ́wàá, àbúrò mi kan níbi iṣẹ́ wà lórí fóònù tó ń ka orúkọ padà fún mi. A gbé app wọlé, ó ti parí kí aago kan tó lù. N ò nílò láti padà sẹ́yìn. Job ẹ̀dà ìdánwò wà ní òdo, ẹnikẹ́ni ò gba SMS lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá mi ní ká ṣì máa ra téèpù, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ fi ọ̀kan dá dátábéèsì padà sórí sáfà ìdánwò kó rí i lójú ara rẹ̀. Téèpù méjì àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú ò ṣeé kà. Ẹ̀kẹta ló ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní gbọ́ ohun tó sọ lẹ́nu mi.

Ẹyẹ_Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Àìkú, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Kú oríire, àbúrò. Snapshot náà ńkọ́?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àìkú, 5:09 ìrọ̀lẹ́

SNAP_APP_PA_TUESDAY ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ti log ni mo ní kí n kọ́kọ́ pa báyìí, Command View kọ̀: ó ní mo ti present rẹ̀ fún sáfà kan, ìyẹn ni pé mo ti so ó mọ́ ọn. Èmi ni mo ṣe é o, lálẹ́ àná, mo fẹ́ rí i bóyá fáìlì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ná.